Káàdì Kan fún Táyé, Káàdì Kan fún Kẹ́yìndé

Ilé Àbdùlsàlámì,
Abúlé Ìdí-Òdán,
Lọ́nà Ìlọrin.
Ọjọ́ Àtìní.

Táyé mi, Mubashir ọmọ Àbdùlsàlámì,

Àsàlámù àlékùmù. Báwo ni ara rẹ? Ṣé ọyẹ́ Kàdúná kò tíì ya ọ́ lẹ́sẹ̀? Àwa wà níbí, a jí, a rìn, a dúpẹ́. Bàbá rẹ kí ọ, orúnkún rẹ̀ tó ń ro ó náà kí ọ, nítorí pé òun àti orúnkún yẹn kò ya ara wọn mọ́. Bí o ṣe jókòó tí ò ń ka ìwé yìí, kí Ọlọ́run má yẹ ẹsẹ̀ rẹ kúrò lójú ọ̀nà oúnjẹ rẹ, kí ó má jẹ́ kí ẹni tí o fẹ́ràn di ẹni tí ò ń sá fún, kí ó má jẹ́ kí ojú tì ọ́ láàárín àwọn Gàmbàrí. Ṣe àmí kí o tó kà á lọ. Mo mọ̀ ọ́, o máa ń fo ibi àdúrà.

Ewúrẹ́ wa bímọ. Ọ̀kan ṣoṣo ló bí, mo sì sọ fún un pé kò gbìyànjú tó. Òrí tí mo pò lọ́dún yìí funfun, kò rùn, àwọn ará Ìlọrin ti ń wá a wá. Hàwáwù, ará ẹ̀yìnkùlé wa tí a máa ń fi fóònù rẹ̀ bá ọ sọ̀rọ̀, ti ra òmíràn, èyí tí kò ní bọ́tìnnì rárá, ojú rẹ̀ ń yọ̀ bí ara ẹja, tí èèyàn bá sì fọwọ́ pa á sí apá òdì, ipè á kú. Ó ní fóònù yìí ń rí èèyàn. Láti ìgbà tí mo ti gbọ́ bẹ́ẹ̀, mo máa ń bọ́ ojú, mo máa ń we gèlè kí n tó gbé e sétí, n kò fẹ́ kí o rí mi ní ìrísí tí yóò bà ọ́ lọ́kàn jẹ́ níbi tí o wà.

Ó yá, jẹ́ kí n bọ́ sórí ọ̀rọ̀ tó mú mi mú bíírò. Nígbà tí o pè ní ìrọ̀lẹ́ Jímọ̀, gbogbo agboolé ló gbọ́ ohùn rẹ, nítorí Hàwáwù tẹ ibi tí ohùn fi ń ròkè, kò sì mọ bí wọ́n ṣe ń mú un wálẹ̀. O ní wọ́n ti ní kí o lọ jókòó sílé. O ní ní Àlàmísì tó ń bọ̀ yìí, o máa dúró níwájú àwọn ọ̀gá, tí àlàyé rẹ kò bá wọ̀ wọ́n létí, iṣẹ́ bọ́ nìyẹn, wọ́n á sì pè ọ́ ní olè. Èyí dùn mí. Ṣùgbọ́n ohun tí o fi kádìí rẹ̀ ló dùn mí jù. O ní kí n sọ fún Kẹ́yìndé pé kò gbọdọ̀ fẹsẹ̀ tẹ Kàdúná mọ́ láyé, o ní o ti sọ níbi iṣẹ́ pé ìwọ kò ní ìkejì, pé ọmọ kan ṣoṣo ni ìyá rẹ bí. Táyé, mo wà níbẹ̀ ní ọjọ́ tí mo bí yín. Ẹ̀yin méjì ni. Kẹ́yìndé fúnra rẹ̀ jókòó tì mí, ó ń ká òwú. Ó gbọ́ gbogbo rẹ̀. Ó kó òwú rẹ̀, ó wọlé.

O mọ bí mo ṣe tọ́ yín. Ohun tí a bá fún Táyé, a ó fún Kẹ́yìndé. Kì í ṣe èmi ni mo dá a sílẹ̀, bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe ń tọ́ ìbejì kí wọ́n tó bí ìyá tó bí mi. Bàtà méjì, fìlà méjì, wàláà méjì fún ilé kéwú. Nígbà tí ibà mú ọ ní kékeré, tí a gbé ọ lọ gba abẹ́rẹ́, mo ní kí wọ́n gún Kẹ́yìndé náà. Dísípẹ́ńsà ní ara ọmọ yìí dá. Mo ní mo mọ̀ pé ara rẹ̀ dá, ṣùgbọ́n ìkejì rẹ̀ ti gba tirẹ̀. Ó bínú títí, mi ò kúrò lẹ́nu ọ̀nà. Nígbà tó sú u, ó fi omi lásán gún un, Kẹ́yìndé sì sunkún ju ìwọ lọ, ara mi wá balẹ̀. Bàbá rẹ ní ojú òun rí nǹkan lọ́wọ́ mi. Òótọ́ ni, ojú rẹ̀ rí nǹkan, ṣùgbọ́n ẹ̀yin méjèèjì dàgbà.

Ní Iléyà èṣí tí o wálé, o gbé nǹkan kan kọ́rùn, pẹlẹbẹ, funfun, àwòrán rẹ wà lójú rẹ̀. Mo kọ́kọ́ rò pé tírà ni, inú mi dùn pé o kò gbàgbé ilé. O ní káàdì ìlẹ̀kùn ni. O ní níbi iṣẹ́ rẹ ní Barakallahu, níbi tí ẹ ti ń kó oògùn pamọ́, kò sí kọ́kọ́rọ́. Tí o bá ti gbé káàdì yẹn súnmọ́ àpótí dúdú kan tó wà lára ògiri, kò tilẹ̀ ní kí ó kàn án, á dún pìì, iná aláwọ̀ ewé á tàn, ìlẹ̀kùn á ṣí. Mo ní ta ló wà nínú àpótí náà. O ní kò sẹ́nì kankan níbẹ̀. O wá na ara sórí ẹní, o bẹ̀rẹ̀ sí ṣàlàyé fún mi, inú mi sì ń dùn, nítorí ó ti pẹ́ tí o ti bá mi sọ̀rọ̀ tó báyẹn.

Ó yé mi dáadáa, má rò pé oorun ni mò ń sùn. O ní wáyà tín-ín-rín kan ni wọ́n ká róbótó sínú káàdì náà, pẹ̀lú nǹkan kékeré kan bí eyín èkúté tó ń tọ́jú ọ̀rọ̀. O ní kò ní bátìrì. Tó bá wà lápò, òkú ni. Ìgbà tó bá dé iwájú àpótí ara ògiri ni agbára inú àpótí yẹn á fẹ́ sí i lára, á jí, á sì sọ ohun tó wà nínú rẹ̀. Mo ní bàbá rẹ nìyẹn, tí kì í lanu láti àárọ̀ títí wọ́n á fi gbé oúnjẹ síwájú rẹ̀. Bàbá rẹ gbọ́, kò dáhùn. Oúnjẹ kò tíì dé.

O wá ní ohun tó wà nínú káàdì náà kì í ṣe orúkọ rẹ. Èyí yà mí lẹ́nu. Ọmọ tí a sọ lórúkọ, tí a pa àgbò lé lórí, tí bàbá sọ tirẹ̀, tí ìyá ìyá sọ tirẹ̀. O ní nọ́ńbà ni. Apá kan rẹ̀ jẹ́ nọ́ńbà ilé iṣẹ́, gbogbo yín lẹ jọ ní in, apá tó kù jẹ́ tìrẹ nìkan. Mo ní bẹ́ẹ̀ náà ni tiwa, orúkọ ilé, lẹ́yìn náà orúkọ ọmọ. O ní nọ́ńbà náà pàápàá, wọn kì í kọ ọ́ bí àwa ṣe ń kọ ọ́. Ohun méjì péré ni wọ́n fi ń kọ gbogbo rẹ̀, ó wà àti kò sí. Ó wà, kò sí, kò sí, ó wà, títí dé òpin. Kẹ́yìndé tó wà nídìí òfì rẹ̀ ní bẹ́ẹ̀ ni òun náà ṣe ń ṣe, òwú ga tàbí kí ó wálẹ̀, kò sí ẹ̀kẹta, òun sì ń fi í ya oríṣiríṣi sára aṣọ. Ẹ̀yin méjèèjì rẹ́rìn-ín. Mo ṣì ń gbọ́ ẹ̀rín yẹn.

O tún ní ẹ̀ṣọ́ kan wà níwájú nọ́ńbà yẹn, ẹ̀ṣọ́ kan wà lẹ́yìn rẹ̀. Iṣẹ́ wọn ni kí wọ́n máa ka àwọn ó-wà tó wà lágbègbè tiwọn. Ẹ̀ṣọ́ iwájú ń fẹ́ kí wọ́n pé ní méjì-méjì, ẹ̀ṣọ́ ẹ̀yìn ń fẹ́ kí ẹyọ kan ṣẹ́kù, kí àpótí lè mọ̀ tí nǹkan kan bá já bọ́ lọ́nà. Ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ ti gún mi lọ́kàn. Mo ní káàdì tó mọ ọ̀rọ̀ méjì-méjì tó báyìí, tó sì ń mọ̀ nígbà tí ẹyọ kan bá ṣẹ́kù, báwo ni wọ́n ṣe wá fún ìbejì ní ẹyọ kan?

Ẹran Iléyà tí o rà fún mi lọ́dún náà, mo sá a, mo gbé e kọ́ àjà, mo ní n kò ní fẹnu kàn án títí Kẹ́yìndé á fi gba tirẹ̀. O ní Màámi, kì í ṣe nǹkan tí wọ́n ń tà lọ́jà. Mo ní kò burú, ẹran ti ń gbẹ. O padà sí Kàdúná, àánú mi ṣe ọ́, o lọ bá ẹni tó ń tún fóònù ṣe. O ní ó fi ẹ̀rọ kékeré kan gbọ́ ohun tí káàdì rẹ ń sọ, ó sì sọ ọ́ sínú káàdì òfìfo mìíràn, kò pẹ́ tó kí èèyàn din àkàrà. O ní irú káàdì tiyín kò mọ àṣírí pa mọ́, ẹnikẹ́ni tó bá ti jí i ni yóò rojọ́ fún. Mo ní bí Hàwáwù. O fi tuntun náà rán awakọ̀ sí wa, o ní kí n jẹ ẹran mi, pé kò kúkú sí ìlẹ̀kùn tó máa gbọ́ ọ̀rọ̀ rẹ̀ ní Ìdí-Òdán. Mo jẹ ẹ́. Ọlọ́run yóò san án fún ọ, mo sì tún lè ní kí o ṣe é lọ́la, kí n má purọ́ fún ọ.

Kẹ́yìndé gbé tirẹ̀ kọ́rùn, ó ń fi í hun òfì, ó ń fi í kírun. A gbé e dé iwájú ìlẹ̀kùn yàrá, kò ṣí. A gbé e dé ilé ewúrẹ́, ewúrẹ́ fúnra rẹ̀ ló jáde, ó rò pé èèrí ni. Bàbá rẹ ní ó lè jẹ́ pé pákó wa ló ti gbó jù. Ni mo bá ní kí Rájí káfíńtà kan ìlẹ̀kùn tuntun, kí ó sì kan àpótí dúdú kan mọ́ ẹ̀gbẹ́ rẹ̀. Ó kàn án, ó kùn ún dúdú, ó wuyì, ṣùgbọ́n kò gbọ́ nǹkan kan. Rájí ní iṣẹ́ tòun ni kí àpótí wà, kì í ṣe iṣẹ́ òun kí ó gbọ́ràn. Lọ́jọ́ tí mo lọ gba owó tí o fi ránṣẹ́ ní báǹkì ní Ìlọrin, mo yá káàdì náà dání, mo gbé e súnmọ́ ìlẹ̀kùn dígí wọn. Ó ṣí! Mo ní Àlááhù àkìbárù, gbogbo ènìyàn wẹ̀yìn. Ọlọ́pàá ibẹ̀ ní òun lòun tẹ nǹkan láti inú. N kò gbà á gbọ́ títí dòní.

Lọ́dún yìí, Iléyà dé, o kò wá. A pè ọ́ títí, obìnrin inú fóònù ní ẹni tí à ń pè kò sí nítòsí. Mo ní àwa náà mọ̀ bẹ́ẹ̀, Kàdúná jìn, kí ó bá wa pè ọ́ ni. Ó tún un sọ. Kẹ́yìndé ti hun òfì kan fún ọ, tirẹ̀ wà bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́, àwọ̀ kan náà, ó ní òun á gbé e lọ fún ọ fúnra òun, kí òun sì fojú rí ibi tí o wà. Mo di ẹran sí i. Ó wọkọ̀ ní Àtàláátà ọ̀sẹ̀ tó kọjá, ó sì dé ibi iṣẹ́ rẹ ní àárọ̀ Àlàárùbá.

Ó ní bí mẹ́gàádì ṣe rí i, ó dìde, ó ní ránkà yá dédé bí wọ́n ṣe ń kí ọ̀gá, ó wá da Háúsá bolẹ̀. O mọ̀ pé Háúsá tí Kẹ́yìndé gbọ́ kò ju sánnù tí wọ́n fi ń kíni àti yáwà tí wọ́n fi ń gbà sí ọ̀rọ̀ lọ. Ó ní sánnù, ó ní yáwà, wọ́n ṣí géètì. Ó dé ẹnu ìlẹ̀kùn, ó rí àpótí dúdú lára ògiri bí o ṣe júwe rẹ̀. Ó gbé káàdì súnmọ́ ọn. Ó dún pìì, ìlẹ̀kùn ṣí. Ó ní omi bọ́ lójú òun, nítorí láti ọjọ́ tí òun ti gbé e kọ́rùn, kò sí ohun kan tó dá a lóhùn rí.

Ó mọ àga rẹ nítorí kóòtù rẹ tó wà lẹ́yìn rẹ̀, ó jókòó síbẹ̀, ó ń retí rẹ. Obìnrin kan tí wọ́n ń pè ní Happiness, tó jókòó nítòsí, bi í ní nǹkan kan, ó ní yáwà. Ó tún bi í ní òmíràn, ó rẹ́rìn-ín, ó ní yáwà. Happiness gbé tíì onímílíìkì fún un. Ìwọ lo sọ ọ́ lórí fóònù pé nínú àwọn yáwà wọ̀nyẹn ni o ti gbà láti máa bá obìnrin náà ṣe iṣẹ́ Sátidé rẹ̀ fún oṣù kan. Má bínú, ṣe é fún un, ó fún ọmọ mi ní tíì. Kẹ́yìndé ní wọ́n ń pe òun ní sà. Ó sọ ìyẹn fún mi lẹ́ẹ̀mejì. Ó ní kò sẹ́ni tó pe òun ní sà rí.

Ìwọ wà lẹ́yìn lọ́hùn-ún nínú yàrá òtútù tí ẹ ń kó oògùn sí, òun kò mọ̀. Nígbà tó ṣe, ó rò ó pé tí o bá yọ báyìí, tí wọ́n rí ẹ̀yin méjì pọ̀, wọ́n á bi ọ́ níbi tí òun ti rí káàdì, ojú á tì ọ́. Nítorí tìrẹ ló ṣe dìde, fi ìyẹn sọ́kàn. Ó ká òfì sórí àga, ó gbé ẹran tì í, ó rọra ń lọ. Ó dé ẹnu ọ̀nà, ó rí àpótí mìíràn lápá inú. Ó ní ilé tí èèyàn kí kó tó wọ̀, ó yẹ kó dágbére fún un kó tó jáde. Ọmọ tí mo tọ́ ni. Ó gbé káàdì sókè, ó dágbére. Ó dún pìì.

Ìdágbére yẹn ló dá gbogbo rẹ̀ sílẹ̀. O ní ẹ̀rọ tó ń kọ ẹni tó wọlé àti ẹni tó jáde kọ ọ́ sílẹ̀ pé Mubashir ti lọ sílé. Nígbà tí ìwọ wá fẹ́ kúrò nínú yàrá òtútù, o gbé káàdì rẹ súnmọ́ ti ibẹ̀, iná pupa tàn, ó ní ẹni tí kò sí nínú ilé kò lè ṣílẹ̀kùn. O gbé e títí. Ọmọ mi nínú òtútù! Ọpẹ́lọpẹ́ Sunday, ẹni tó ń bójú tó àwọn ìlẹ̀kùn yín, tó gbọ́ bí o ṣe ń gbá a tó wá ṣí i. Ọlọ́run yóò bójú tó ilé tirẹ̀. O ní ètè rẹ ti funfun. Mo ti di òrí sílẹ̀ fún ọ, yóò tó ọ lọ́wọ́, máa fi pa á.

Àwọn ọ̀gá wo ohun tí ẹ̀rọ kọ, wọ́n ní Mubashir wọlé lẹ́ẹ̀mejì láìjẹ́ pé ó jáde, ó sì jáde nígbà tó wà nínú ilé. Wọ́n wo àwòrán tí ojú ẹ̀rọ tó wà ní àjà yà, ojú rẹ ni wọ́n rí. Wọ́n ní ọgbọ́n olè ni, pé o fẹ́ kí ẹ̀rọ jẹ́rìí pé o ti lọ kí o lè sá pamọ́ ti oògùn. Ẹ̀rù wá bà ọ́ láti dárúkọ ìkejì rẹ, nítorí ẹni tó bá gbọ́ ti ìkejì á béèrè káàdì kejì, ẹni tó bá sì ṣe irú káàdì bẹ́ẹ̀, lílé ni wọ́n ń lé e. Ni o bá ní o kò ní ẹnì kankan.

Kẹ́yìndé kò sọ èyí tó kù fún mi títí o fi pè. Ó ní láti ibi iṣẹ́ rẹ, òun lọ dè ọ́ níwájú ilé rẹ ní Ungwan Shanu, pé nígbà tí o dé, o dúró sẹ́nu ọ̀nà, o ní kí òun yára máa lọ kí aládùúgbò kankan tó rí òun. Ó ní o kò pariwo. Ó ní ìbá sàn kí o pariwo. Kò mu omi rẹ, ó wọkọ̀ padà. Láti Jímọ̀ tí o ti pè, kò jókòó sídìí òfì mọ́, òwú kan ṣoṣo kò gòkè, òmíràn kò wálẹ̀.

Táyé, fetí sí mi. Bí irọ́ bá lọ fún ogún ọdún, ọjọ́ kan ni òtítọ́ á bá a. Tí wọ́n bá lé ọ nítorí káàdì, ohun tí ìyá rẹ fi dandan mú ọ ṣe ni wọ́n lé ọ fún, ojú kò tini nínú ìyẹn. Ṣùgbọ́n olè jẹ́ orúkọ tó máa tẹ̀lé ọ dé ẹnu ọ̀nà ẹlòmíràn. Báwo lo sì ṣe fẹ́ fi Kẹ́yìndé pa mọ́? Ojú rẹ ló wà lọ́rùn rẹ̀. Ìwọ náà lo sọ pé Sunday ní ẹ̀rọ yẹn kò mọ èèyàn, nọ́ńbà ló mọ̀. Mo gbà fún Sunday. Èmi ni mo mọ èèyàn, kí wọ́n bi mí.

Mo ti kọ ìwé sí ọ̀gá rẹ, ó wà nínú àpò kan náà pẹ̀lú èyí, Yorùbá ni mo fi kọ ọ́, kí o túmọ̀ rẹ̀ fún un láìfo nǹkan kan. Mo ní èmi Nímọ́tà ìyàwó Àbdùlsàlámì ni mo ní kí wọ́n ṣe káàdì kejì. Mo ní olè kì í gbé òfì àti ẹran sílẹ̀ kó tó lọ, kò sì gbé nǹkan kan jáde àfi tíì tó wà níkùn rẹ̀. Mo ní tó bá jẹ́ ọ̀rọ̀ nọ́ńbà ni, kí wọ́n fún Kẹ́yìndé ní nọ́ńbà tirẹ̀ kí orí ẹ̀rọ má baà dàrú mọ́, àti àga kékeré kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ tìrẹ, kò ní dí ẹnikẹ́ni lọ́wọ́, á máa hun òfì rẹ̀ jẹ́ẹ́jẹ́. Mo ní tí ìyẹn bá pọ̀ jù, kí wọ́n jọ̀wọ́ má lé ẹni tó wà níbẹ̀ tẹ́lẹ̀. Bàbá rẹ fi àtàǹpàkò tẹ̀ ẹ́, ó tẹ̀ ẹ́ lẹ́ẹ̀mejì nítorí pé ìbejì ni ọ̀rọ̀ náà dá lé, ìyẹn ló sì yà mí lẹ́nu jù lọ́sẹ̀ yìí.

Tí iṣẹ́ náà bá dúró, kí Ọlọ́run jẹ́ kó dúró, rántí owó Rájí káfíńtà, owó ìlẹ̀kùn àti àpótí dúdú. Ojoojúmọ́ ló ń gba iwájú ilé wa kọjá, tí á máa wo ìlẹ̀kùn náà bí ẹni tó fẹ́ tú u gbé lọ. Bàbá rẹ fẹ́ òróró ìfipara fún orúnkún. Èmi ń fẹ́ owó kírédíìtì, Hàwáwù ní fóònù tuntun yìí ń jẹun ju ti àtijọ́ lọ. Tí iṣẹ́ kò bá dúró, má fowó ránṣẹ́, ìwọ ni kí o wá.

Ọlọ́run tó fi ahọ́n sí ọ lẹ́nu yóò bá ọ darí rẹ̀ ní Àlàmísì. Yóò fi àánú sójú àwọn tó jókòó níwájú rẹ. O kò ní tọrọ jẹ, o kò ní sùn lébi, àwọn ọmọ tí ìwọ náà máa bí kò ní sẹ́ ara wọn. Ṣe àmí.

Ó ku ọ̀rọ̀ kan. O ti máa ṣe kàyéfì nípa ẹni tó ti ìwé yìí gba abẹ́ ìlẹ̀kùn rẹ wọlé. Kẹ́yìndé ni. Èmi ni mo rán an, kí ó lè bá ọ dúró níwájú wọn, kí wọ́n rí ojú méjèèjì pọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà. Káàdì ọrùn rẹ̀ wà nínú àpò ìwé yìí, òun fúnra rẹ̀ ló bọ́ ọ, o lè dá a padà fún Sunday. Nítorí náà, kò ní nǹkan kan lọ́wọ́ tó lè fi ṣílẹ̀kùn kankan. Mo ní kí ó má kànkùn, kí ó má pe orúkọ rẹ, kí ó dúró títí o ó fi ka ọ̀rọ̀ mi tán. Ó wà níbẹ̀, mo mọ ọmọ mi. Ẹ̀gbọ́n rẹ ló sì dúró síta yẹn, nítorí òun ló ní kí o máa lọ síwájú ní ọjọ́ tí mo bí yín, pé kí o bá òun tọ́ ayé wò. O ṣí ọ̀nà, o ké, ó gbọ́ igbe rẹ, ó gba ibi tí o ṣí wá bá ọ. Dìde, lọ ṣí i fún un.

Èmi ni ìyá yín,
Nímọ́tà.